Àmì Lórí Iwájú, Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu: Bí Ọmọ Ìjọ Àgùdà Ṣe Ń Dá Gbàdúrà

Pásítọ̀ tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ á ti bá irú èyí pàdé. Ẹnì kan ti Ìjọ Àgùdà wá sọ́dọ̀ wa, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ṣe ìrìbọmi, kì í sì í pa ìpàdé àdúrà jẹ. Ṣùgbọ́n bí olùdarí bá ti ní kí a gbàdúrà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á lọ sí iwájú orí, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, á kọjá sí èjìká òsì, á sì parí sí ti ọ̀tún. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn ìpàdé, ẹnì kan á tọ pásítọ̀ lọ pé: "Pásítọ̀ wa, ṣé ẹ rí i pé arábìnrin yẹn ò tíì kúrò níbi tó ti ń bọ̀?"

Ìdáhùn pásítọ̀ wúwo ju bó ṣe lè rò lọ. Bó bá ní kí wọ́n kìlọ̀ fún un, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹni náà ti ń gbà wọlé sọ́dọ̀ Ọlọ́run láti kékeré ni a fẹ́ dí. Bó bá sì dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan wà tó yẹ kí a kọ́ ọ tí a kò kọ́ ọ. Kí a tó mọ èyí tó jẹ́, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí àwọn Àgùdà fúnra wọn ń sọ nípa ọwọ́, eékún àti ẹnu nígbà tí wọ́n bá ń dá gbàdúrà. Mo ní "dá gbàdúrà" o. Mísà ní ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe òun ni mo ń sọ níbí.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa nípa wọn. Èkíní ni pé inú ìwé ni wọ́n ti ń ka àdúrà, pé wọn kì í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èkejì ni pé bí ìfúnpá àti òǹdè ni àmì tí wọ́n ń ṣe rí. A lè rí ọmọ ìjọ wọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìjọ wọn fi ń kọ́ni nìyẹn.

Ibi tí àmì náà ti wá

Àmì àgbélébùú ti wà ṣáájú Ròsárì tipẹ́tipẹ́. Tertullian, tó gbé ní Carthage ní àríwá Áfíríkà, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 211 pé àwọn Kristẹni ìgbà òun a máa sàmì sí iwájú orí wọn nígbà tí wọ́n bá ń jáde àti nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, nígbà tí wọ́n bá ń wọ bàtà, nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀, nídìí oúnjẹ, nígbà tí wọ́n bá ń tan fìtílà àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ sùn. Kò sì fi bò pé Ìwé Mímọ́ kò pa á láṣẹ. Ó ní àṣà tí àwọn jogún ni. Tertullian yìí kan náà ló fara mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Montanus, tí wọ́n gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ṣì ń fi àsọtẹ́lẹ̀ sí ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tó ń wá baba ńlá fún wa nínú ìtàn ìjọ kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọn kì í sábà mẹ́nu kan ọwọ́ rẹ̀ tó ń sàmì.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àmì náà ni orúkọ Baba, ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, èyí tí Olúwa ní kí a fi máa ṣe ìrìbọmi (Mátíù 28:19). Nítorí náà, ìrántí ìrìbọmi ni. Omi tí wọ́n máa ń ti ìka bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ìtumọ̀ kan náà ló ní: ẹni tí a ti rì bọmi ń rántí ẹni tí òun jẹ́ kó tó lanu. Martin Luther pàápàá, tí kò bẹ̀rù láti gba nǹkan lọ́wọ́ Róòmù nígbà tó bá rí i pé kò dára, kò gba èyí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú Kátékísìmù Kékeré rẹ̀ ti ọdún 1529, ó ní kí olórí ilé kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ láti máa sàmì àgbélébùú bí wọ́n bá jí láàárọ̀ àti bí wọ́n bá fẹ́ sùn lálẹ́.

Àwọn ìṣesí yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Kíkúnlẹ̀ wà nínú Dáníẹ́lì 6:10 àti Lúùkù 22:41. Lílu àyà, ti agbowó òde inú Lúùkù 18:13 ni. Gbígbé ọwọ́ sókè, tí a rò pé tiwa ni, wà nínú àwòrán ara ògiri ibojì abẹ́ ilẹ̀ àwọn Kristẹni àtijọ́ ní Róòmù. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ló dé lẹ́yìn. Ní Yúróòpù ayé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìjòyè á pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, á gbé e sáàárín ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá ń fi ẹnì kan jẹ fadá, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sáàárín ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù láti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn. Ẹni tó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú Ọlọ́run ń sọ pé òun ti jọ̀wọ́ ara òun.

Ṣé dandan ni?

Ká ní ọmọ ìjọ Àgùdà kan ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kún, tó sì fẹ́ bá Olúwa sọ̀rọ̀. Ṣé ó gbọ́dọ̀ sàmì kó tó bẹ̀rẹ̀? Bí kò bá kúnlẹ̀, ṣé àdúrà ni? Èsì ìjọ wọn ni pé kò sí òfin kankan lórí èyí. Òfin wà fún ìgbà tí ìjọ bá pé jọ, kí gbogbo wọn lè ṣe é pọ̀. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Nicaea ní ọdún 325, èyí tó kẹ́yìn nínú ogún òfin tí wọ́n ṣe ni pé kí ìjọ máa dúró gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú àti láti Àjíǹde títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, nítorí àwọn kan ń kúnlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù dúró. Wọn kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ìlẹ̀kùn iyàrá rẹ̀.

Ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù lọ láàrin wọn ni Ignatius ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìdánrawò ti ẹ̀mí, tí Póòpù Paul Kẹta fọwọ́ sí ní ọdún 1548, kún fún ìtọ́ni kéékèèké. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà dúró ní ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì sí ibi tí yóò ti gbàdúrà, níwọ̀n àkókò tí a fi ń ka Àdúrà Olúwa, kó rò ó pé Ọlọ́run ń wo òun, kó sì tẹrí ba. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè kúnlẹ̀, ó lè dojú bolẹ̀, ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa wo òkè, ó lè jókòó, ó lè dúró. Bó bá rí ohun tó ń wá lórí eékún, kó má ṣe kúrò lórí eékún. Bó bá jẹ́ pé ní ìdojúbolẹ̀ ló ti rí i, kó dúró síbẹ̀. Ignatius tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú ìyẹn nínú ilé ìjọsìn níwájú ènìyàn. Inú ilé ẹni ni ààyè rẹ̀ wà. Níparí àdúrà, ó ní kí onítọ̀hún bá Olúwa sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí bí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀: kó tọrọ, kó jẹ́wọ́ ẹ̀bi rẹ̀, kó ro ọ̀rọ̀ ilé àti ti iṣẹ́ rẹ̀, kó sì gba ìmọ̀ràn.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá. Ọmọ tó bá wọ iyàrá baba rẹ̀ láàárọ̀ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Baba á kì í ní oríkì, á ní kó dìde, kó jókòó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: owó ilé ìwé tí kò tíì pé, ìyàwó tí ara rẹ̀ kò yá, ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí. Kò sí ọmọ tó ń wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ ráyè sọ tinú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló ti pàdé baba rẹ̀, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, á tẹrí ba díẹ̀, á sì sọ̀rọ̀. Ohun tí Ignatius ń kọ́ni kò yàtọ̀ sí èyí.

Àwọn tó mọ Ọlọ́run bí ọ̀rẹ́

Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìjọ náà fi ń ṣe olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Teresa ti Avila (1515 sí 1582), sístà ará Spéìn, ṣàpèjúwe àdúrà inú ọkàn bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn ọ̀rẹ́: kí ènìyàn máa wà ní òun nìkan lóòrèkóòrè pẹ̀lú Ẹni tó mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun. Thérèse ti Lisieux, tó kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1897 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 24, sọ ọ́ láìfi pamọ́ pé òun kì í wá àdúrà aláràbarà kiri inú ìwé. Bí ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni òun ń ṣe: òun á sọ ohun tí òun fẹ́ fún Ọlọ́run, á sì yé e. Ó jẹ́wọ́ pé ó nira fún òun láti dá ka Ròsárì, àti pé oorun máa ń gbé òun lọ lójú àdúrà. Kò bẹ̀rù nítorí rẹ̀. Ó ní òbí fẹ́ràn ọmọ tó sùn bí wọ́n ṣe fẹ́ràn èyí tó lajú. Ìjọ tí a ní ìwé nìkan ló fi ń gbàdúrà fi ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin yìí ṣáájú apá tó sọ nípa àdúrà nínú Kátékísìmù rẹ̀ ti ọdún 1992. Arákùnrin Lawrence ńkọ́? Ilé ìdáná ni iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris fún ọ̀pọ̀ ọdún, láàrin ìkòkò àti abọ́ ló sì ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ka ìwé tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sí, láìbèèrè ìjọ tó ń lọ.

Èdè pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bíi ti Yorùbá, Faransé ní ọ̀nà kan tí a fi ń pe ẹgbẹ́ ẹni àti òmíràn tí a fi ń pe àgbà. Títí di ọdún 1966, ti àgbà ni àwọn Àgùdà ilẹ̀ Faransé fi ń ka Àdúrà Olúwa. Ọdún náà ni àwọn àti àwọn ìjọ yòókù jọ gba ìtumọ̀ tó lo ti ẹgbẹ́ ẹni. Àwa ti ń fi "ìwọ" pe Ọlọ́run nínú Bíbélì wa láti ìgbà Ajàyí Crowther, a ò sì gbọ́dọ̀ fi "ìwọ" pe baba tó bí wa lọ́mọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ inú ìjọ wa ti ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mi ò rí i pé ẹnì kan nínú wọn sún mọ́ Ọlọ́run tàbí jìnnà sí i nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ìsọjí Ẹ̀mí Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ láàrin wọn ní ọdún 1967, láti Yunifásítì Duquesne ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ kò torí rẹ̀ pa àmì àgbélébùú tì. Wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ewu wà, àti ibi tí ìyàtọ̀ wà

Ohun tí a ń bẹ̀rù, pé àmì lè di oògùn, ìjọ wọn náà mọ̀ ọ́n. Kátékísìmù kan náà sọ pé ìgbàgbọ́ asán ni kí ẹnì kan rò pé ìṣesí ara lásán, láìsí ọkàn tó yẹ nínú rẹ̀, ló ń mú kí àdúrà ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí a gba ìkìlọ̀ yẹn fún ara wa pẹ̀lú. Àwa tí a ń ta ìka yí orí ká, tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, tí a sì ń ka "Àmín" dé ìgbà méje, ṣé a máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọ ìjọ? Mo mọ àwọn tó gbà pé àdúrà tí wọn kò bá rìn síwá-sẹ́yìn gbà kò tíì gòkè. Ìyẹn kò sàn ju ẹni tó rò pé jàǹbá á ṣe òun lójú ọ̀nà nítorí pé òun gbàgbé láti sàmì.

Nítorí náà, kí olùṣọ́ àgùntàn kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. "Kí lò ń sọ fún Ọlọ́run bí o ṣe ń ṣe báyìí?" Bí ẹni náà bá ní òun ń rántí orúkọ tí a fi rì òun bọmi, kí ni a fẹ́ bá a wí sí? Bó bá ní ibi kò lè sún mọ́ òun mọ́ nítorí rẹ̀, a ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìṣesí ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbé ẹ̀kọ́ kan pàtó dání. Ọmọ Àgùdà tó bá wọ ilé ìjọsìn wọn á fi eékún ọ̀tún kúnlẹ̀ kó tó jókòó, nítorí àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú búrẹ́dì Ara Olúwa sí, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé Kristi fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ síwájú pẹpẹ wa, tí kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀, a ní láti bi í léèrè ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún. Ròsárì náà nìyẹn. Nínú ìpín márùn-ún tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan, Àdúrà Olúwa kan ló wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, "Mo kí ọ, Màríà" sì jẹ́ mẹ́wàá. Wọn á ní àwọn kò sin Màríà, pé bí a ṣe ń ní kí arákùnrin bá wa gbàdúrà ni àwọn ń bẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí a sọ ìyẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí a má fi irọ́ mọ́ wọn. Síbẹ̀, alárinà kan ni 1 Tímótì 2:5 fi hàn wá, kò sì sí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti ní kí a máa ké pe ẹni tó ti sùn nínú Olúwa. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá yẹ kó gbọ́ èyí lẹ́nu pásítọ̀ rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ní ìjókòó, pẹ̀lú Bíbélì ní ṣíṣí. Ti ọwọ́ tó ń sàmì lè dúró dìgbà mìíràn.