Òùngbẹ Ni Í Mú Ọrọ́ Yìí Tanná

Ọrọ́ kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé omi tí a fi ṣe é lóore ni í sábà pa á. Echinocereus ni orúkọ rẹ̀. Oníṣègùn George Engelmann, ọmọ Jámánì tí ó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, ni ó fún un ní orúkọ náà ní ọdún 1848, nítorí ẹ̀gún bò ó bí ó ti bo ẹranko lìílì. Mẹ́síkò àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ènìyàn a máa kó o jọ sínú ilé onídígí nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa bomi rin ín lọ́dún yípo. Kí ni èrè rẹ̀? Gbòǹgbò a jẹrà, tàbí kí ọrọ́ náà máa dàgbà láìtanná. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tọ́jú a po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, kí omi má baà dúró. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta kì í fún un lómi rárá. A fi í sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àti òtútù. Ara rẹ̀ a hunjọ, àlejò a sì rò pé ó ti kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá padà, ìrudi a la awọ ara rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni kí a tó máa fún un lómi, díẹ̀díẹ̀. Irú èyí tí à ń pè ní triglochidiatus a tan òdòdó pupa fòò, tí í wà fún ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rí òdòdó rẹ̀, kí ó kọ́ láti dá ọwọ́ dúró.