Ta Ni Yóò Gé Igi Tí Kò Ní Owó Nínú?

Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí igi sọ di olókìkí ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó kì yóò gbẹ́yìn. Igbó ọba Olúwa wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ọ̀nà tí ó ti Oǹdó wá sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní oríta náà kì yóò ṣe aláìrí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ru gẹdú. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 ni ó mú kí ọmọdé tí kò dé Ọ̀rẹ̀ rí mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onígẹdú ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ogun tó dé.

Ènìyàn lè rò pé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, níbi tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kò ti ṣọ̀wọ́n, kò lè sí ilé tí igi ń dẹ́rù bà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òǹkàwé wa rìn wọ àwọn àdúgbò àtijọ́, láàárín àwọn ilé tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó kọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti rí máńgòrò, fúrútù, dóńgóyárò àti àgbálùmọ̀ tí a gbìn nígbà tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ilẹ̀, tàbí ìrókò kan tí ẹni tí ó ṣán igbó náà fi sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù bà á láti gé e. Nígbà náà igi fúrútù kò ju apá ọmọdé lọ. Lónìí ó ti ga ju òrùlé lọ, a ti kọ́ yàrá kún yàrá títí a fi dé ìdí rẹ̀, a ti gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ìhà kan láti fi gbẹ́ ìpìlẹ̀, a sì ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pa. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń bọ̀, àwọn tí ó wà nínú ilé a bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè.

Èé ṣe tí igi bẹ́ẹ̀ fi wà níbẹ̀, nígbà tí agégi ń gbé ní ìlú kan náà? Àwa gbà pé ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò ní owó nínú. Bí ìdílé kan bá ní òganwó tàbí ìrókò tí ó le koko ní ẹ̀yìnkùlé, onígẹdú ni yóò fúnra rẹ̀ wá, òun ni yóò dúnàádúrà, òun ni yóò gbé ayùn wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra máńgòrò tí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun? Nítorí èyí, igi tí ó lágbára, tí ì bá tún dúró fún ọgọ́ta ọdún láì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, òun ni à ń gé. Èyí tí ó ti rà ni a fi sílẹ̀ lórí yàrá ìyá àgbà. A kò dá onígẹdú lẹ́bi, òwò ni ó ń ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí yóò jẹ èrè pákó kọ́ ni ó yẹ kí ó dá ẹjọ́ igi.

Iṣẹ́ méjèèjì kò tilẹ̀ jọ ara wọn. Nínú igbó, agégi a gé ẹnu sí ara igi ní ìhà ibi tí ó fẹ́ kí ó wó sí, a sì bọ́ sí ẹ̀yìn láti gé e wá pàdé ẹnu náà. Kì í gé e tán. A ṣẹ́ díẹ̀ kù láàárín, tí yóò ṣe bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, tí yóò sì máa darí igi náà bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a sá. Ní ẹ̀yìnkùlé, ibo ni yóò sá sí, ibo sì ni igi yóò wó sí? Ilé wà ní ọ̀tún, kànga wà ní òsì, wáyà iná mànàmáná kọjá ní iwájú, òrùlé aládùúgbò wà ní ẹ̀yìn. Igi irú èyí kì í ṣe wíwó; títú ni à ń tú u palẹ̀ láti òkè wá. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé, òwe náà sì bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Oníṣẹ́ a so ara rẹ̀ mọ́ igi, a fi okùn mìíràn so ẹ̀ka tí ó fẹ́ gé, a gbé okùn náà kọ́ pàlàkà tí ó lágbára, ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ a sì wé ìdí okùn mọ́ ara igi, kí ẹ̀ka náà lè máa sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Adẹ́mu wa mọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tipẹ́: igbà tí ó fi ń gun ọ̀pẹ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú igi ní Amẹ́ríkà fi ń so ara wọn mọ́ igi. Bí wáyà bá wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun igi náà àfi bí àwọn tí ó ni iná bá ti pa á, nítorí igi tútù a máa gbé iná mànàmáná.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo pàápàá ní ọ̀nà tí a ń gbà gé e. Bí a bá gé e láti òkè nìkan, ìwúwo rẹ̀ yóò fà á ya kí ayùn tó dé ìsàlẹ̀, yóò sì bó èèpo ara igi lọ gbọọrọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gé díẹ̀ láti abẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi. A tún gé e láti òkè ní iwájú díẹ̀ sí i, kí ẹ̀ka náà lè bọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gé kùkùté tí ó kù, ní ibi tí ọrùn ẹ̀ka ti wú, láì fi ayùn kan ọrùn náà.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Alex Shigo, tí ó kú ní ọdún 2006, ni ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ayé. Ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó ní ilẹ̀ rẹ̀, ó fi ayùn la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní òòró láti wo bí ìjẹrà ti ń rìn nínú wọn, ó sì gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1977. Ohun tí ó rí ni pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti ènìyàn. Igi kò lè tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Ògiri ni ó ń mọ yí i ká, tí yóò sì máa dàgbà lọ ní òde ògiri náà. Ọrùn ẹ̀ka wà lára ibi tí ògiri náà ti lágbára jùlọ. Ẹni tí ó bá gé e mọ́ ara igi kí ó lè dán, ilẹ̀kùn ni ó ṣí fún ìjẹrà, ọ̀dà tí ó bá sì kùn sí ojú ọgbẹ́ kò ní dá ìjẹrà náà dúró.

Lójú èyí, kí ni à ń ṣe sí igi ilé wa? A ń gé orí rẹ̀ sọnù, a ní kí ó má baà ga jù. Láàárín ọdún díẹ̀ ẹ̀ka tuntun a rú jáde ní ojú ibi tí a gé, wọ́n a pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n èèpo lásán ni wọ́n dì mọ́, nígbà tí abẹ́ wọn ń jẹrà. Igi tí a gé lórí láti dín ewu kù a wá léwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn a bó èèpo ìdí igi yíká, wọ́n a dáná sí i tàbí kí wọ́n da ọ́ìlì sí i, pé bí ó bá gbẹ, yóò rọrùn láti gé. Kò sí ìṣìnà tí ó tó èyí. Igi tí ó gbẹ kì í ṣe é gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀ka rẹ̀ lè kán lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún, oníṣẹ́ tí ó gbọ́n a sì máa kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó pa igi kí ó tó pe agégi ti lé agégi gidi lọ.

Kì í ṣe gbogbo igi àgbà ni ó yẹ ní gígé. Igi a máa dín ooru páànù kù, a sì máa gba ìjì sí ara kí ó tó dé orí ilé. Igi tí ó ní ihò lè ṣì dúró dáadáa, bí èyí tí ó kù lára rẹ̀ bá nípọn tó. Ìrókò, àràbà àti fúrútù a máa wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n ti kú. Ohun tí ó yẹ kí ó já wa láyà ni olú tí ó bá hù ní ìdí igi, ilẹ̀ tí ó bá là tàbí tí ó wú ní òdìkejì ibi tí igi tẹ̀ sí, pàlàkà tí èèpo wọ àárín rẹ̀, àti ẹ̀ka tí kò ní ewé nígbà tí òjò ti rọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tutù. Mẹ̀láínà, igi ilẹ̀ Éṣíà tí ìjọba gbìn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní igbó Olúwa láti fi ṣe bébà, yẹ ní ìṣọ́ra bí ó bá wà ní ìdí ilé, nítorí ó ń yára dàgbà.

A kò gbàgbé pé ọ̀rọ̀ igi jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ wa ẹni tí ó gbin igi tí ń pẹ́ ni a ń gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ kì í fi í gbà kí àgbàtọ̀ gbin obì tàbí ọ̀pẹ. Nítorí náà, igi tí bàbá àgbà gbìn a di ẹ̀rí, àbúrò tí ó bá sì dábàá pé kí a gé e, ẹ̀gbọ́n yóò bi í pé kí ni ó ń lépa. Ó tọ́ kí ẹbí jókòó lórí rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ó gbìn ín àti ibi tí ó wà, kí igi lè lọ kí ẹ̀rí sì kù. Kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ igbó ọba bí igi náà bá jẹ́ irú èyí tí a kò lè gé láì gba ìwé àṣẹ. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó igi ìlú sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gé igi ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ẹ̀kọ́ sì pọ̀ sí i ní ìlú àti abúlé. Igi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà gbìn ti di àgbà, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ń ṣeré. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ bí ẹ bá rí àmì tí a sọ lókè yìí. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, nígbà tí kánsẹ́lọ̀ bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ohun tí Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1954. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ igbó. Ní Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú igi ti wà láti ọdún 1924, ó sì ń dán ènìyàn wò kí ó tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ yan ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ láàárín àwọn agégi àti adẹ́mu Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, kí ó rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó ra okùn, àkẹtẹ̀ líle àti ìgbànú fún wọn, kí ó sì fi orúkọ wọn hàn fún gbogbo ìlú. Owó ọwọ́ ni kí a máa san fún wọn, kí wọ́n má ṣe gba pákó dípò rẹ̀. Ní ti opó tàbí arúgbó tí kò ní owó náà, kí a yọ díẹ̀ nínú ohun tí ìjọba ń gbà lórí gẹdú tí ó ń jáde nínú igbó Olúwa, kí á fi gé igi tí ó ti rà lórí ilé wọn.