Ìyà Ṣáájú Ẹ̀ṣẹ̀: Òfin àti Ẹ̀san nínú Children of Blood and Bone

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń gba àfiyèsí Yorùbá tó bá ka Children of Blood and Bone ni orúkọ: orúkọ ìlú, orúkọ òrìṣà, ọfọ̀ tí a fi èdè wa kọ. Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sì bí i sí Amẹ́ríkà, ló gbé ìtàn àròsọ mérìíyìírí yìí jáde fún àwọn ọ̀dọ́langba ní 2018. Lójú tèmi, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé náà ti ṣẹ̀ wá, ètò ìdájọ́ inú rẹ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ.

Ọdún 11 kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni Ọba Saran ti pa àwọn maji, ìyẹn àwọn tó ń lo agbára òrìṣà. Ìyá Zélie wà lára wọn. Àwọn ọmọ onírun funfun tí agbára kò tíì jí lára wọn ló ṣẹ́ kù. Ẹnikẹ́ni kò pe ọmọ wọ̀nyí lẹ́jọ́, kò sí ẹ̀sùn, kò sí ẹlẹ́rìí. Irun wọn ni ẹ̀rí. Wọ́n ń jìyà nítorí ohun tí wọ́n lè dà lọ́la.

Owó orí ni ìyà yìí ń bá wọlé. (Owó orí ni lóòótọ́, nítorí irun orí ni wọ́n fi ń bù ú.) Ọba a máa fi kún un nígbà tó bá wù ú, ẹni tí kò bá sì rí i san, ó di ibi iṣẹ́ àfipáṣe tí ìwé náà ń pè ní stocks. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè yára sọ pé ìwọ̀fà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ iye owó tó yá. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ló dúró fún èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá owó padà, ó bọ́. Ọmọ ìlú ni, kì í ṣe ẹrú. Èmi kò sọ pé ìwọ̀fà dẹrùn: ẹlòmíràn pẹ́ nínú rẹ̀ títí ó fi gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ ní iye. Ti stocks kò ní, nítorí ẹni tó ń gba owó náà ló ń sọ ọ́ di púpọ̀.

Amẹ́ríkà ni mo ti rí ìbátan rẹ̀. Àtúnṣe 13 sí ìwé òfin wọn, ní 1865, fòpin sí oko ẹrú, àfi fún ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi. Láìpẹ́, ní ìpínlẹ̀ gúúsù, wọ́n ń mú aláwọ̀ dúdú nítorí pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ń fi í háyà fún oníléeṣẹ́. Adeyemi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú aláìníhàmọ́ra tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ló wà lọ́kàn òun.

Síbẹ̀, Saran kì í ṣe ìkà lásán. Àwọn maji ló pa ìdílé tó kọ́kọ́ ní. Ẹ̀san ló wọ ẹ̀wù òfin lára rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ irú ọba bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní kó lọ ṣígbá wò. Ní ilẹ̀ Saran, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Amari, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló fi idà pa á. Nínú apá kejì, tó jáde ní 2019, ogun ló tẹ̀ lé e.