Wọ́n yọ ọ́ nípò, òun ló padà jàre: Dókítà tó gba ọmú obìnrin lọ́wọ́ ọ̀bẹ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fi ọjà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́. Láyé ìjelòó, bí obìnrin Amẹ́ríkà bá rí kókó lọ́mú, tó gbé e lọ sí ọsibítù, wọn á fún un lóògùn oorun kí wọ́n lè yẹ kókó náà wò. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ojú oorun yẹn náà ni wọ́n máa ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó bá jí ló máa mọ̀ pé ọmú ti lọ, ẹran àyà abẹ́ rẹ̀ ti lọ, àwọn kókó inú abíyá náà ti lọ. Wọn kò ṣìkà o! Bí Dókítà William Halsted ti Baltimore ṣe kọ́ wọn láti ayé bàbá ńlá wọn nìyẹn.

Bernard Fisher ni kò gbà. Wọ́n bí i ní Pittsburgh lọ́dún 1918, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ abẹ. Òun àti Edwin, ọmọ ìyá rẹ̀, fi ẹranko ṣe ìwádìí títí, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ lè ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ síbòmíràn kí kókó tó hàn rárá. Olè ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí la tún ń wó ilé fún?

Lọ́dún 1976, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin tí kókó tiwọn ṣì kéré jọ, wọ́n lé ní 1,800. Ìbò ni wọ́n fi pín wọn: wọ́n gé gbogbo ọmú àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn kan, àwọn yòókù, wọ́n yọ kókó, wọ́n sì fi ìtànṣán ẹ̀rọ sí ọmú náà. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbaná jẹ, ọ̀pọ̀ ò fẹ́ fún un ní aláìsàn tiwọn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé àwọn ọmú tóun ti ń gé látọdún yìí, òun ì bá má gé wọn?

Lọ́dún 1985, èsì jáde. Àwọn tí wọ́n gé lọ́mú kò pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ! Ṣùgbọ́n níbi tí wọn kò ti lo ìtànṣán, jẹjẹrẹ máa ń padà sínú ọmú náà ju tàwọn tó gbà á lọ. Ẹ má gbàgbé o, kókó kékeré là ń wí, ẹni tó tètè lọ ló jẹ ńbẹ̀.

Lọ́dún 1994 wàhálà dé. Dókítà kan ní Montreal ti yí ìwé àwọn aláìsàn kan padà, wọ́n ní Fisher kò tètè sọ ọ́ síta, ni wọ́n bá yọ ọ́ nípò olórí. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin! Ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1997 wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì sanwó fún un. Wọ́n yọ ìwé ti Montreal kúrò, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣírò: èsì ò yí padà. Lọ́dún 2002, lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n tún wo àwọn obìnrin náà: bákan náà ni.

Fisher rí gbogbo rẹ̀ ṣojú ara rẹ̀. Ọdún 2019 ló kú, ẹni ọdún 101.