Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Wọ́n Padà Wá Yẹ Ilé Yín Wò Nítorí Iná?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn onílé, ayálégbé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní Ifákọ̀ àti Ṣólúyì

Bí òṣìṣẹ́ panápaná bá ti wọlé yín, tó wo ibi tó fẹ́ wò, tó sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ọ̀pọ̀ onílé á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Àwọn àléébù kan wà tí onílé lè sọ pé òun ti tún un ṣe, kí a sì gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi kí ẹnì kan padà wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé bí àléébù bá ṣe bani lẹ́rù tó ni wọ́n ṣe ń padà wá wò ó. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tó jó lára ògiri bani lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ bá ti yọ ọ́, tó fi tuntun tó nípọn tó rọ́pò rẹ̀, kò ní dìde lóru kó padà sí bó ṣe wà. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù abẹ́ àtẹ̀gùn ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń gbé e kúrò, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n sì fi ń gbé e padà. Ohun tó rọrùn jù láti tún ṣe ló máa ń tètè bàjẹ́ padà, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n wá wò láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà àbájáde

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: bí iná bá sọ ní aago méjì òru, ṣé gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé yìí lè jáde láìwá kọ́kọ́rọ́?

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì tó ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà níbẹ̀ nítorí olè. Kẹ́ẹ̀gì epo dúró tì í, ọ̀rá ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ torí ìdérí ti sọnù. Sílíńdà gáàsì màmá tó ń gbé lókè náà wà níbẹ̀, torí kò lágbára àtigbé e gòkè. Mítà gbogbo ilé wà lára ògiri lókè orí wọn gan-an. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé òkè, géètì ẹnu àtẹ̀gùn sì ní àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí èyí tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní ìdí fún nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí iná bá mú níbẹ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n ní láti sá jáde ni èéfín máa gbà gòkè wá bá wọn.

Irú ilé báyìí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá dí ọ̀nà, epo abẹ́ àtẹ̀gùn, sílíńdà tó ń jò: kí wọ́n gbé e kúrò lójú òṣìṣẹ́ tó rí i, kí òṣìṣẹ́ náà sì tún padà wá láìpẹ́ ọjọ́, láìkéde. Bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ alẹ́. Àbẹ̀wò aago mẹ́wàá àárọ̀ kò lè rí àgádágodo aago mọ́kànlá alẹ́.

Ohun tí ojú lásán kò lè rí

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná sọ ní Afriland Towers, ilé alájà mẹ́fà ní Broad Street, Erékùṣù Èkó. Àwọn panápaná sọ pé yàrá ínfátà tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín gòkè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọ́fíìsì wọn, àwọn kan ń fọ́ fèrèsé kí wọ́n lè mí. Ènìyàn mẹ́wàá ló kú.

Ínfátà ti wọ ilé tiwa náà. Ẹlòmíràn gbé bátìrì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e kúrò tàbí kí ẹ tún wáyà rẹ̀ ṣe, fọ́tò kò tó ẹ̀rí. Àfi kí ẹni tó mọ̀ nípa iná mànàmáná wá wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tí fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, torí wáyà tí kò gbé nǹkan kan kì í gbóná.

Kí wọ́n tó dé, ẹ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbígbẹ kan ojú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá gbóná, bí ara rẹ̀ bá ti pọ́n bíi tíì, tàbí bí ẹ bá ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ pa á láti orí mítà, kí ẹ má sì lò ó mọ́ títí wọn yóò fi wá.

Ọjọ́ tí a dá láìsí ẹni tó máa padà wá

Ní ìlú London, iná jó Grenfell Tower ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 72 sì kú. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà níta ló jẹ́ kí iná ràn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa padé fúnra rẹ̀, tí kò padé, ló jẹ́ kí èéfín wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ panápaná London ti kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ilé náà nípa irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún wọn di oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ìwọ̀n oṣù kan lẹ́yìn náà ni iná sọ.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá dá ọjọ́ fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀: ta ló ń padà bọ̀, ọjọ́ wo? Kí ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àléébù kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí kò nílò kí wọ́n padà wá

Bí sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, rísíìtì àti fọ́tò tuntun ti tó. Lẹ́yìn náà ẹ máa wo ojú rẹ̀ lóṣooṣù, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní ibi aláwọ̀ ewé. Àwọn kan á ní àfi kí òṣìṣẹ́ wá wo èyí náà. Àkókò tó bá fi wá ka sílíńdà ni ì bá fi lọ sí ilé tí wọ́n ti ti géètì pa mọ́ ènìyàn.

Bí iṣẹ́ ilé bá yí padà

Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé mẹ́rin, tó wá di jẹ́lé-ó-sinmi, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, àyẹ̀wò àtijọ́ kò bá a wí mọ́. Ọ̀tun ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gáàsì kì í ṣe ohun tí à ń dán wò: ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì bú gbàù ní Màgodò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa níhìn-ín, ẹ̀mí sì lọ sí i.

Ta ni ẹ máa pè?

Bí iná bá ti sọ, tàbí gáàsì ń jò, ẹ má dúró de àbẹ̀wò kankan. Ẹ jáde, kí ẹ pe 112 tàbí 767. Fún àyẹ̀wò, ẹ lọ bá Lagos State Fire and Rescue Service. Bó bá jẹ́ ilé fúnra rẹ̀ ló ń sán, tàbí wọ́n ń kọ́ àjà kún un, LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni ín.

Ayálégbé náà lè béèrè fún àbẹ̀wò kejì, kò dìgbà tí láńlọ́ọ̀dù bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi tó o létí sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì mú ẹ̀dà fún alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Alága náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: géètì òpópónà tí wọ́n ń tì lálẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má wà nínú yàrá ẹni tó ti sùn, kí ọkọ̀ panápaná má baà dúró síta.