Afẹ́fẹ́ Lábẹ́ Àyà Nínú Fọ́tò X-ray: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Ìfun Tó Lu

Bí inú bá ń run ènìyàn gidigidi tó sì dé ilé ìwòsàn, wọ́n sábà máa ń ya fọ́tò X-ray fún un lórí ìdúró. Afẹ́fẹ́ a máa dúdú nínú fọ́tò yìí. Bí dókítà bá rí dúdú tó tẹ̀ bí oṣù tuntun láàrin ẹ̀dọ̀ àti awọ ẹran tó pín àyà sí ikùn, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé ìfun ti lu, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tú síta. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ọgbẹ́ inú wà lára ohun tó ń fà á nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ló kàn.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó jọ ọ́. Ní ọdún 1910, Demetrius Chilaiditi, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, ṣàlàyé nípa ènìyàn mẹ́ta tí ìfun ńlá wọn gòkè lọ sáàrin ẹ̀dọ̀ àti awọ náà. Ìfun wọn kò lu, ààyè rẹ̀ ló yí padà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àmì yìí. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àwọn àgbà ọkùnrin ló sì pọ̀ sí lára jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá méjèèjì mọ̀? Ìfun ńlá kò tẹ́jú. Ó ṣù tẹ̀lé ara wọn bíi kóró tẹ̀sùbáà. Bí ìlà àárín àwọn kóró náà bá hàn nínú dúdú yẹn, inú ìfun ni afẹ́fẹ́ wà. Èyí tó tú síta kì í ní ìlà. Wọ́n tún lè dá aláìsàn dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ òsì, kí wọ́n ya òmíràn: afẹ́fẹ́ tó tú síta yóò sún lọ síbi tó ga jù, ti inú ìfun kì í sábà kúrò. Bó bá ṣì rú wọn lójú, CT scan ni yóò là á.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kò nílò ìtọ́jú kankan. Bí inú bá ń run wọ́n, tí ìgbẹ́ há, ìsinmi, omi ara àti títú ìgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Àyàfi bí ìfun bá lọ́ pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi àlàyé wa yìí sá fún iṣẹ́ abẹ o. Ikùn tó le bíi pákó kò gba àríyànjiyàn. Rúkíyà dára, ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Àwọn ará ilé lè bi dókítà pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ rí ìlà ìfun nínú afẹ́fẹ́ yẹn?” Kì í ṣe àrífín. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ fún pé ó ní àmì Chilaiditi, kí ó tọ́jú fọ́tò rẹ̀, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ ìfun rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò.