Kí ẹ tó pààrọ̀ ojú fóònù oníbàárà, ẹ yọ ṣájà ná

Bí oníbàárà bá gbé fóònù dé, tó ní lẹ́tà tí òun ò tẹ̀ ló ń jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe á ní ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n á gbowó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Oníbàárà á délé, á ki ṣájà bọ̀ ọ́, wàhálà á tún bẹ̀rẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Ṣájà pọ́ọ́kú ló sábà máa ń fà á. Iná bíńtín tí ìka ń fà lára gíláàsì ni fóònù fi ń mọ ibi téèyàn tẹ̀. Ṣájà gidi ní ẹ̀yà tó ń sẹ́ iná bí ẹni sẹ́ ògì. Nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú, kò sí i, kówó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ìdọ̀tí iná á gba wáyà wọlé, á bo ti ìka mọ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nídìí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ tẹ fóònù wò. Bó bá fara balẹ̀, ẹ fi ṣájà tó dáa dán an wò níṣojú oníbàárà. Bó bá ṣì ń ṣe ségesège láìsí ṣájà lára rẹ̀, ẹ lè wá tú u.